Orí 6: Kí Ni A Ń Kà sí Ẹyọ Kan? Ìṣètò Ìdánwò lórí Eku ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀

Bí ọyẹ́ bá ti mú, tí koríko gbẹ, tí àwọn àgbẹ̀ ń sun oko láti fi palẹ̀ mọ́ de òjò, ibà Lassa máa ń gbérí ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní ọdún 2018, àjọ NCDC tó ń gbógun ti àrùn ka ènìyàn 633 káàkiri Nàìjíríà tí àyẹ̀wò fi hàn dájú pé wọ́n ní àìsàn náà. Láti ìgbà náà, Oǹdó, Ẹdó àti Bauchi máa ń wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí iye wọn ga jù lọ́dọọdún. Ní Oǹdó fúnra rẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ kì í gbẹ́yìn.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí, ohun tó kọ́kọ́ máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni pé eku ló pọ̀ níbẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ ọ́ kò ka eku, kò sọ ibi tó fi í wé, kò sì sọ irú eku tó ní lọ́kàn. Nínú orí yìí, a ó mú gbólóhùn náà, a ó sì wo ohun tó yẹ kí a ṣe kí ó tó di ohun tí a lè dán wò. Ìṣirò dátà kì í dúró dìgbà tí a bá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ tí a pinnu ohun tí a ó kà sí ẹyọ kan ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ náà gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ìwádìí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wọ́.

Eku wo?

Ọdún 1969 ni ayé kọ́kọ́ mọ àìsàn yìí, ní ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno, ibẹ̀ ló sì ti gba orúkọ. Eku tó ń gbé kòkòrò àìsàn náà kiri jù ni Mastomys natalensis. Kò tóbi, kò sì yàtọ̀ lójú sí eku ilé, àfi pé abo rẹ̀ lè ní ọmú tó 16 sí 24. Inú ilé, àká àti oko ni ó ń gbé. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ tó bá kan oúnjẹ tàbí ohun èlò ilé ni ènìyàn sábà máa ń ti kó àrùn náà.

Ní ọdún 2016, Ayodeji Olayemi ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ àti Elisabeth Fichet-Calvet ti Hamburg, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, gbé ìwádìí jáde tó fi hàn pé eku méjì mìíràn náà ń gbé e: Mastomys erythroleucus, àti Hylomyscus pamfi tí wọ́n mú ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ wá di pé ká mọ ẹni tí à ń bá wí. Àgbẹ̀ Ìdóàní mọ òkété yàtọ̀ sí ẹmọ́, ó mọ ẹmọ́ yàtọ̀ sí èlírí, ó sì mọ òórùn asín kó tó rí i. Ojú lásán kò lè ya Mastomys méjèèjì wọ̀nyí sọ́tọ̀. Ilé àyẹ̀wò ni yóò wo DNA wọn. Asín ńkọ́? Onímọ̀ ẹranko kò kà á mọ́ eku rárá, síbẹ̀ ó máa ń kó sí pàkúté bí ẹni pé òun la dẹ ẹ́ fún. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ “eku 40” sínú ìwé láìyà wọ́n sọ́tọ̀ ti da àgbàdo pọ̀ mọ́ òkúta, kò sì sí ìṣirò tó lè ṣà á fún un nígbà tó bá délé.

Bí a ṣe ń wọn ọ̀pọ̀ eku

A kì í sọ pé “a mú eku 18” ká dákẹ́. Pàkúté mélòó? Òru mélòó? Ìwọ̀n tí àwọn oníṣẹ́ yìí ń lò ni òru pàkúté, ìyẹn pàkúté kan tí a dẹ fún òru kan. Pàkúté 50 fún òru 4 jẹ́ 200 òru pàkúté. Bí a bá mú eku 18, ó jẹ́ eku 9 nínú 100.

Pàkúté tó ti ré kò lè mú nǹkan kan mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, yálà eku wà nínú rẹ̀ tàbí èèrà ló ré e. A kò mọ ìgbà tó ré, nítorí náà a máa ń gbà pé ó ṣiṣẹ́ fún ìdajì òru. Ká ní pàkúté 12 ré lásán ní àfikún sí 18 tó mú eku: 30 ni gbogbo rẹ̀, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 15. A ó yọ 15 kúrò nínú 200, ó ku 185. Eku 18 nínú 185 jẹ́ 9.7 nínú 100. Ìyàtọ̀ náà kéré níhìn-ín. Ní abúlé tí eku ti kún dẹ́nu, tí pàkúté máa ń ré tán kó tó di ọ̀gànjọ́, ìyàtọ̀ náà kì í kéré. Bí a kò bá ṣe àtúnṣe yìí, abúlé tó burú jù yóò dà bí ẹni pé ó sàn.

Nínú ìwé àwọn òyìnbó, ẹ ó ka nípa ọ̀nà mìíràn: kí a mú ẹranko, kí a fi àmì sí i, kí a tú u sílẹ̀, kí a sì wo iye tó ní àmì nígbà tí a bá tún mú wọn. Ó dára fún ẹja àti fún ẹyẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyá àgbà kan ní Arímọ́gijà tí a sọ fún pé eku tí a mú nínú yàrá rẹ̀ lánàá ni a tún tú sínú yàrá náà lónìí. Bó bá lé wa jáde, ó lẹ́tọ̀ọ́. Ní ibi tí Lassa wà, a kì í tú eku sílẹ̀ sínú ilé ènìyàn nítorí ìṣirò.

Ohun tí ìwé ilé ìwòsàn lè sọ

Kí a tó dẹ pàkúté, ẹ jẹ́ ká wo nọ́ńbà tó ti wà nílẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2018 sí oṣù kẹta ọdún 2020, ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní LASCOPE tẹ̀lé àwọn aláìsàn Lassa tí wọ́n gbà sí Federal Medical Centre ní Ọ̀wọ̀. Ènìyàn 510 ni wọ́n fi ṣe ìṣirò, 62 nínú wọn kú. Ìyẹn jẹ́ 12 nínú 100.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí a mọ bí a ṣe lè gbára lé 12 yìí tó. Ká ní ọdún méjì mìíràn tó rí bákan náà tún kọjá, a kò ní ka 62 gẹ́lẹ́. Ọ̀nà tó rọrùn láti mọ bí nọ́ńbà náà ṣe lè yí ni kí a sọ 0.12 di púpọ̀ ní ọ̀nà 0.88, kí a fi 510 pín in, kí a wá gbòǹgbò ìlọ́po-méjì rẹ̀, kí a sì sọ èyí di ìlọ́po méjì. A ó rí nǹkan bíi 0.03. Nítorí náà, àyè ìdánilójú wa bẹ̀rẹ̀ láti 9 nínú 100, ó sì dé 15 nínú 100. Kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ àyè náà sílẹ̀ nígbà gbogbo. Nọ́ńbà kan ṣoṣo tí kò ní àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń ṣe bí ẹni tó mọ̀ ju bó ṣe mọ̀ lọ.

Iṣẹ́ kejì ló le jù, kò sì sí nínú ìlànà ìṣirò náà. Ta ni àwọn 510 wọ̀nyí? Àwọn tí àìsàn ká mọ́lẹ̀ títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn ni. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé nǹkan bí 8 nínú ènìyàn 10 tó kó Lassa ni kì í rí àmì kankan tàbí kó kàn ṣe wọ́n bí ibà lásán, àti pé nínú gbogbo àwọn tó kó o, nǹkan bí 1 nínú 100 ló ń kú. 12 kò tako 1. Ohun tí a fi pín in ló yàtọ̀. Ẹni tó bá mú 12 ti Ọ̀wọ̀ lọ sọ lórí rédíò pé bí Lassa bá kó ènìyàn 100 ní abúlé, 12 yóò kú, ti ṣì wọ́n lọ́nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà rẹ̀ pé.

Ohun mìíràn tún wà. Ọ̀wọ̀ ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti mọ Lassa, tí dókítà ti ń fura sí i bí ibà bá kọ̀ tí kò lọ lẹ́yìn oògùn ibà. Aláìsàn láti Ìpèlé á tètè dé ibẹ̀. Ti Òkèlúsè ní ìsàlẹ̀ Ọ̀sẹ̀ ní ọ̀nà tó jìn láti rìn, àwọn mìíràn á sì ti gba ilé alágbo lọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá fi ìwé ilé ìwòsàn ya àwòrán ibi tí Lassa pọ̀ sí, apá kan ohun tó yà ni ibi tí àìsàn wà, apá kejì sì ni ibi tí mọ́tò ń gbà. Òjò, ọ̀nà, owó ọkọ̀ àti ìfura dókítà ti wọnú nọ́ńbà náà pọ̀ mọ́ eku. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní okùnfà aláfarapamọ́. A kì í lè fi ìṣirò lé e jáde bí a kò bá ti ṣètò láti wọ̀n ọ́n.

Ẹyọ

Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè kan tó ṣeé dán wò: bí a bá fún àwọn ará abúlé ní ike onídérí láti máa kó gàrí, èlùbọ́ àti àgbàdo sí, tí a sì bá wọn dí ihò ògiri, ṣé eku inú ilé yóò dín kù?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan á sọ pé òun á mú abúlé méjì. Òun á fún ọ̀kan ní ike, òun á fi èkejì sílẹ̀ bó ṣe wà, òun á sì dẹ pàkúté sí ilé 40 ní ìkọ̀ọ̀kan. Lójú rẹ̀, ó ní ilé 80, ó sì ti pọ̀ tó. Ní òótọ́, ẹyọ méjì péré ló ní. Kì í ṣe ilé ló fún ní ike, abúlé ni. Gbogbo ilé 40 tó wà ní abúlé kan náà ló ń pín ààtàn kan náà, oko ọ̀pẹ kan náà, ológbò kan náà, àti eku kan náà tó ń gba abẹ́ ògiri lọ sílé kejì. Bí eku abúlé kìíní bá dín ju ti ìkejì lọ, ó lè jẹ́ ike, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti sun oko wọn, ó sì lè jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni abúlé méjèèjì ṣe máa ń yàtọ̀ síra. Ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ inú ìkòkò kan wò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kò tíì tọ́ ìkòkò mẹ́wàá wò.

Ní ọdún 1984, Stuart Hurlbert, onímọ̀ nípa ẹ̀dá àti àyíká ní Amẹ́ríkà, yẹ ìwádìí 176 wò nínú àwọn ìwé ìròyìn ìmọ̀ tó gbajúmọ̀. Ó rí i pé nínú àwọn tó lo ìṣirò láti fi dá ẹjọ́, 48 nínú 100 ló ṣe àṣìṣe yìí gan-an. A ó pe àṣìṣe náà ní ayédèrú ẹ̀dà: kí a ka ilé inú abúlé kan, tàbí pàkúté inú ilé kan, bí ẹni pé ìkọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ẹ̀dà ìdánwò tó dá dúró. Àwọn tí Hurlbert bá wí ti gbé ìwádìí wọn jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ tó gbajúmọ̀. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé la ń sọ.

Òfin rẹ̀ kò ṣòro: ohun tí a pín ìtọ́jú fún ni ẹyọ. Bó bá jẹ́ abúlé la pín in fún, abúlé ni ẹyọ, ilé 40 inú rẹ̀ kàn ń ràn wá lọ́wọ́ láti wọn abúlé kan náà dáadáa ni. Ẹ fi èyí wé INTEGRATE, ìdánwò oògùn Lassa tó bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ ní ọdún 2024, tó ń fi favipiravir wé ribavirin. Níbẹ̀, aláìsàn kọ̀ọ̀kan ni gègé ń mú oògùn fún, nítorí náà aláìsàn kan ni ẹyọ kan. Ìlú kan náà, àìsàn kan náà, ẹyọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Gègé ṣíṣẹ́

Bí a bá ti ní abúlé 6, ta ló máa gba ike? Bí a bá fi í sílẹ̀ fún ìfẹ́ ọkàn, àwọn abúlé tí baálẹ̀ wọn yára dáhùn la ó fún. Abúlé tí baálẹ̀ rẹ̀ yára dáhùn lè jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gbá àyíká mọ́ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, a ó ṣẹ́ gègé. Ẹ kọ orúkọ abúlé 6 sórí bébà, ẹ ká wọn, ẹ kó wọn sínú igbá, kí ọmọ kékeré kan mú 3. Ẹ ṣe é lójú àwọn aṣojú abúlé. Ó ń pa ẹnu àwọn tó máa sọ pé a ṣojúsàájú mọ́, ó sì ń ṣe ohun kan tí kò hàn sí wọn: ó ń fún wa ní ìṣirò tí a ó fi dájọ́.

Ẹ wò ó báyìí. Ọ̀nà 20 ni a lè gbà mú abúlé 3 nínú 6. Ká ní ike kò wúlò rárá, eku tí a máa kà ní abúlé kọ̀ọ̀kan yóò rí bó ṣe rí, gègé ì báà mú un tàbí kó fò ó. Nọ́ńbà ẹ̀kọ́ nìyí, a kò kà á ní abúlé kankan. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àwọn abúlé tó gba ike ní eku 4, 6 àti 9 nínú 100 òru pàkúté. Àwọn abúlé àfiwé ní 11, 8 àti 14. Ìpíndọ́gba ti àkọ́kọ́ jẹ́ 6.3, ti èkejì jẹ́ 11. Ó dùn ún gbọ́. Ẹ wá kọ gbogbo ọ̀nà 20 náà sílẹ̀, kí ẹ ro àpapọ̀ ìkọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ tiwa jẹ́ 19. Ọ̀nà mélòó ni yóò fún wa ní 19 tàbí ohun tó kéré sí i? Méjì: 4, 6, 8 tó jẹ́ 18, àti tiwa. Èyí túmọ̀ sí pé gègé nìkan, láìsí agbára ike, lè fún wa ní irú àbájáde yìí lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà 10. Èmi kò ní fi owó ìjọba ra ike fún gbogbo Ọ̀sẹ̀ lórí èyí.

R. A. Fisher ló gbé èrò yìí kalẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ The Design of Experiments ní ọdún 1935, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tó fi ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí oko ní Rothamsted, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àpẹẹrẹ tó fi bẹ̀rẹ̀ ni ti obìnrin kan tó sọ pé òun lè fi ẹnu mọ̀ bóyá mílíìkì ló ṣáájú nínú ife tàbí tíì. Ife 8, 4 ti ọ̀hún, 4 ti èyí: ọ̀nà 70 ló wà láti yan 4, nítorí náà bó bá gbà á tán láìṣì, gègé lásán á ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú 70.

Ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í sọ ni pé ìṣirò yìí ti ní ìdáhùn fún wa kí a tó kúrò nílé. Abúlé 4, tí 2 gba ike: ọ̀nà 6 péré. Bí ike bá tilẹ̀ lé gbogbo eku jáde, àbájáde tó dára jù lọ tí a lè ní ni 1 nínú 6. Ẹ lè dẹ pàkúté ẹgbẹ̀rún kan sí abúlé kọ̀ọ̀kan, kò ní yí padà. Abúlé 8 ń fún wa ní ọ̀nà 70. Bí owó bá kéré, ẹ dín pàkúté kù, kí ẹ fi abúlé kún un.

Ṣáájú àti lẹ́yìn

Ìdánwò wa tó fún wa ní 1 nínú 10 kò tíì kú. Ká ní a ti dẹ pàkúté sí abúlé 6 náà kí a tó pín ike, a sì rí 10, 9 àti 15 ní àwọn tó padà gba ike, 12, 9 àti 13 ní àwọn abúlé àfiwé. A ó wá wo ìyípadà dípò iye. Àwọn tó gba ike dín ní 6, 3 àti 6. Àwọn yòókù dín ní 1, dín ní 1, ìkẹta sì fi 1 kún un. Nínú ọ̀nà 20, kò sí òmíràn tó fún wa ní ìdínkù tó tó 15. Ó ti di 1 nínú 20. Eku kan náà, abúlé kan náà, òru díẹ̀ sí i ṣáájú pínpín ike ló fa ìyàtọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé abúlé yàtọ̀ síra láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, nígbà tí a bá sì fi abúlé wé ara rẹ̀, ìyàtọ̀ àtètèkọ́ṣe yẹn kúrò lọ́nà.

Abúlé àfiwé ṣì ṣe pàtàkì, nítorí ìgbà òjò àti ẹ̀rùn ń yí eku padà láìsí ọwọ́ wa níbẹ̀. Fichet-Calvet àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní ọdún 2007 ní Guinea pé nígbà ẹ̀rùn, Mastomys máa ń kóra jọ sínú ilé níbi tí oúnjẹ wà, ṣùgbọ́n nígbà òjò ni ìpín àwọn tó ní kòkòrò àrùn nínú wọn máa ń fi ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ga ju ti ẹ̀rùn lọ. Eku pọ̀ nílé nígbà kan, eku alárùn pọ̀ nígbà mìíràn. Ẹni tó bá pín ike ní oṣù kejì, tó sì padà ka eku ní oṣù kẹfà láìní abúlé àfiwé, yóò gbóríyìn fún ike nítorí ohun tí òjò ṣe.

Ní Guinea yìí kan náà, wọ́n ti fi ọdún mẹ́rin, 2013 sí 2016, gbé oògùn eku sínú ilé ní abúlé nígbà ẹ̀rùn. Eku dín kù lẹ́yìn oògùn. Kí ọdún tó yí po, wọ́n ti bí, wọ́n ti wọlé padà. Ìṣirò tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà, tó jáde ní ọdún 2019, sọ pé oògùn ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún kò lè lé Lassa lọ. Bí wọ́n bá ti ka eku lẹ́ẹ̀kan péré, lọ́sẹ̀ kan lẹ́yìn oògùn, ìròyìn ayọ̀ ni wọn ì bá gbé jáde.

Ó ku ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Apá òkè Ọ̀sẹ̀, ní Ìdóàní, Ìmẹ́rì, Àfọ̀ àti Ìdógùn, jẹ́ ilẹ̀ olókè tí koríko ti ń gba ibi igbó. Apá ìsàlẹ̀, ní Ùtè àti Òkèlúsè, jẹ́ ilẹ̀ igbó àti kòkó. Gègé lè ṣe é kó kó gbogbo ike lọ sókè. Ọ̀nà àbáyọ ni kí a so abúlé tó jọra ní méjì méjì, kí a ṣẹ́ gègé láàárín ìbejì kọ̀ọ̀kan. Ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀fẹ́: ìbejì 3 ń fún wa ní ọ̀nà 8 péré, tó jẹ́ pé 1 nínú 8 ni àbájáde tó dára jù. Ìbejì 5, ìyẹn abúlé 10, ń fún wa ní 32. Bí abúlé rẹ kò bá ju 6 lọ, ronú dáadáa kí o tó so wọ́n pọ̀.

Nígbà tí a kò rí nǹkan kan

Ká ní a yẹ eku 60 wò ní abúlé kan, kò sí èyí tó ní Lassa. Ṣé abúlé náà ti bọ́? Ìṣirò tó rọrùn jù lọ nínú orí yìí nìyí: bí a kò bá rí nǹkan nínú iye kan, ẹ fi iye náà pín 3. 3 nínú 60 jẹ́ 5 nínú 100. Ohun tí a lè sọ ni pé ó ṣeé ṣe kí eku alárùn tó 5 nínú 100 wà níbẹ̀ tí kò sì sí ọ̀kan tó bọ́ sọ́wọ́ wa. Ká tó lè sọ pé wọn kò ju 1 nínú 100 lọ, eku 300 la gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fi ọwọ́ sí ìwé pé “kò sí” Lassa ní ibì kan.

Ààbò

Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ dẹ pàkúté eku fúnra rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ tàbí Ọ̀sẹ̀ láìsí olùkọ́ tó ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ìbọ̀wọ́, ìbojú àti ilé àyẹ̀wò tó lè gba eku náà. Kò gbọdọ̀ ra eku lọ́wọ́ ọdẹ láti fi pa iye dé. Gbogbo ohun tó wà nínú orí yìí ló ṣeé kọ́ pẹ̀lú ohun mìíràn tí kò lè pa ènìyàn: tata nínú koríko, kòkòrò tó ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́, hóró àgbàdo tó jìn nínú àpò. Ẹyọ ni ẹyọ, gègé ni gègé.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ẹnì kan fi pàkúté 30 sí ilé 30 ní Ọ̀wọ̀, fún òru 3. Ó mú eku 11 àti asín 5, pàkúté 8 mìíràn sì ré lásán. Ẹ ṣírò eku nínú 100 òru pàkúté, lẹ́yìn àtúnṣe. Kí ni ẹ ṣe pẹ̀lú asín, kí sì ni ìdí rẹ̀?

2. Ẹ kọ ọ̀nà 20 tó wà láti mú abúlé 3 nínú 6 sílẹ̀ pátá, kí ẹ sì fi nọ́ńbà ìyípadà inú orí yìí ro àpapọ̀ ìkọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ “dín ní 3” di “fi 1 kún un”, kí ẹ tún un rò. Ẹ sọ fún ọ̀gá kan ní ìjọba ìbílẹ̀, ní gbólóhùn mẹ́ta tí kò ní ọ̀rọ̀ ìṣirò kankan, ohun tó yí padà.

3. Ilé-ẹ̀kọ́ kan fẹ́ mọ̀ bóyá ajílẹ̀ ìgbẹ́ adìẹ ń fi kún kòkòrò inú ilẹ̀. Wọ́n da ajílẹ̀ sí ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ kan, wọ́n fi ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ kejì sílẹ̀, wọ́n sì bu yèèpè sínú agolo 25 ní ìkọ̀ọ̀kan. Ẹyọ mélòó ni wọ́n ní? Ẹ tún ìdánwò náà ṣètò láìfi agolo kan kún un.

4. Ẹ wá ìròyìn kan nínú ìwé ìròyìn tàbí lórí rédíò tó fi iye àwọn tó kú nínú àìsàn kan wé iye àwọn tó ṣe. Ta ni wọ́n kà, ta ni wọn kò kà, ibo ni ilé àyẹ̀wò tó súnmọ́ wọn wà?